Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ bí ti ológun nínú ooru Kétu: ohun tí ó yẹ kí olùṣètò mọ̀ kí ó tó kó ọmọ ènìyàn jọ

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, dókítà. Ẹgbẹ́ wa ní Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin, ń múra àwọn ọ̀dọ́ sílẹ̀ fún ìdánwò ìgbaniwọlé sí iṣẹ́ ológun àti ti ọlọ́pàá. A fẹ́ kó ọ̀dọ́ 60, ọkùnrin àti obìnrin, sí ibùdó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nínú oṣù kẹta ọdún tó ń bọ̀. Ọ̀gá ológun kan tó ti fẹ̀yìn tì ni yóò máa kọ́ wọn. Ó fẹ́ kí wọ́n máa sáré kìlómítà 10 láti ọjọ́ àkọ́kọ́ pẹ̀lú àpò iyanrìn lẹ́yìn, kí wọ́n má sì mu omi títí eré yóò fi parí, nítorí ó ní omi ń sọ ènìyàn di ọ̀lẹ. Nínú ibùdó wa tó kọjá, ọmọ méjì dákú, ṣùgbọ́n àwọn kan ní ọmọ Kétu ni wọ́n, ooru kò lè ṣe wọ́n ní nǹkan. Kí ni kí a ṣe? Ṣé kí a sì dá àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ AS padà sílé?

Ìdáhùn: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú àníyàn àwọn ọmọ náà. Kí n tó dáhùn ìbéèrè yín lọ́kọ̀ọ̀kan, ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn, nítorí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi dúró lé lórí. Ooru tí ó máa ń pa ènìyàn ní ibùdó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kì í ṣe ti oòrùn nìkan; inú iṣan ẹni tí ń sáré ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ti ń jáde wá. Ẹni tí ó sì ń pinnu bí iṣan náà yóò ti ṣiṣẹ́ tó, bí yóò ti pẹ́ tó lẹ́nu rẹ̀, àti ìgbà tí yóò sinmi, ni ẹni tí ń pàṣẹ. Ọwọ́ olùkọ́ni ni ewu wà, ọwọ́ rẹ̀ náà sì ni ààbò wà. Omi ṣe pàtàkì, ibòji ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n méjèèjì kò lè gba ọmọ tí a bá pàṣẹ fún kọjá ohun tí ara rẹ̀ lè gbé.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ọ̀dọ́ tí ó wọn kílò 60, tí ó ń sáré kìlómítà 10 láàárín wákàtí kan, yóò ná nǹkan bíi kálórì 600. Nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀ péré ni ó ń di iṣẹ́ ẹsẹ̀. Ìyókù, bíi 480, ooru ni ó ń dà sínú ara. Bí ooru náà kò bá rí ọ̀nà jáde, ara yóò máa fi dígíríì kan gbóná sí i ní ìṣẹ́jú mẹ́fà sí méje, a jẹ́ pé láti 37 tí ó wà nígbà tí eré bẹ̀rẹ̀, ìdajì wákàtí ti tó fún un láti dé 41. Òógùn ni kì í jẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀. Lítà òógùn kan tí ó bá gbẹ lára máa ń kó nǹkan bíi kálórì 580 lọ. Àmọ́ àfi bí ó bá gbẹ o. Èyí tí ó bá kán sílẹ̀ kò mú ooru kankan lọ, omi àti iyọ̀ ara lásán ni ó fi ṣòfò. Kí ó tó lè gbẹ, afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ ní àyè láti gbà á. Ẹ wo aṣọ tí a sá sórí okùn nínú oṣù kẹfà, tí ó di ọjọ́ kejì tí ó ṣì tutù: bẹ́ẹ̀ gan-an ni òógùn ṣe máa ń dúró sí ara ènìyàn ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí, tí ọ̀sà yí wa ká, àti lọ́dọ̀ yín ní Kétu láti ìgbà tí ìkùukùu òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Nítorí náà ni ooru tí kò pọ̀ lójú tẹ̀mómítà fi lè le koko lára ẹni tí ń ṣiṣẹ́ nínú afẹ́fẹ́ tí ó kún fún ọ̀rinrin.

Ọ̀rọ̀ tí àwọn kan sọ pé ọmọ Kétu ni wọ́n, mo bẹ̀ yín, ẹ má gbà á. Ìbí kọ́ ni ó ń mú kí ooru mọ́ni lára, iṣẹ́ tí a ń ṣe nínú ooru náà ni. Ọmọ àgbẹ̀ tí ó ń ro oko láti àárọ̀ di ọ̀sán ti ní ìmúra tí ẹlòmíràn kò ní. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò wọ̀nyí, ilé ìwé ni wọ́n ti ń bọ̀, tàbí ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ, tàbí orí zẹ̀míjàn, alùpùpù akérò, tí wọ́n ti ń jókòó láti òwúrọ̀ di alẹ́, tí wọn kò sì sáré kìlómítà kan ṣoṣo láti ìgbà pípẹ́. Ẹ má sì rò pé ó di ìgbà tí oòrùn bá ń jó ilẹ̀ kí ewu tó dé. Ní ọjọ́ 13 oṣù keje ọdún 2013, àwọn ọmọ ogun mẹ́ta pàdánù ẹ̀mí wọn nítorí ìrìn ìdánwò kan lórí àwọn òkè Brecon Beacons ní Wales, ilẹ̀ tí a mọ̀ mọ́ òtútù àti òjò. Ooru ọjọ́ náà kò kọjá dígíríì 30, èyí tí kò tó ti ọ̀sán lásán ní Kétu nínú oṣù kẹta. Ẹrù ni wọ́n gbé, ọ̀nà bíi kìlómítà 26 ni wọ́n ń rìn, a kò sì dá ìdánwò náà dúró ní àkókò tí ó yẹ.

Nípa oṣù tí ẹ yàn, bí ó bá ṣe é ṣe, ẹ yí i padà. Oṣù kejì àti ìkẹta ni ooru ọ̀sán máa ń le jù ní apá ọ̀dọ̀ wa, ọyẹ́ ti lọ, ọ̀rinrin sì ti ń padà bọ̀. Oṣù kẹjọ ni ó tutù jù. Òjò a máa dáwọ́ dúró díẹ̀ nínú rẹ̀, ìkùukùu a máa bo oòrùn, àwọn ọmọ ilé ìwé sì wà nínú ìsinmi. Ọyẹ́ oṣù kìíní náà dára fún ara tí ń ṣiṣẹ́, nítorí òógùn ń gbẹ kíá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé eruku rẹ̀ kò bá ẹni tí ó ní ikọ́ fée mu, àwọn ọmọ kì í sì í mọ bí omi tí ń jáde lára wọn ti pọ̀ tó nítorí wọn kì í rí i. Ohun kan sì tún wà: ẹ wo kàlẹ́ńdà kí ẹ mọ ìgbà tí ààwẹ̀ Ràmàdáánì yóò bọ́ sí. Ní ìlú tí Mùsùlùmí pọ̀ sí bíi Kétu àti Àjàṣẹ́, ẹ kò lè ní kí ọmọ tí kò fẹnu kan omi láti ìdájí sáré ní ìrọ̀lẹ́. Nínú oṣù náà, lẹ́yìn ìṣínu ni iṣẹ́ tí ó le lè wáyé, tàbí kí ẹ sún ibùdó síwájú pátápátá.

Ní ti kìlómítà 10 láti ọjọ́ àkọ́kọ́, èyí ni mo kọ̀ jù nínú gbogbo ètò náà. Kí ooru tó mọ́ ènìyàn lára, ó ń gba ọjọ́ 10 sí 14, ìyípadà tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì ń wáyé láàárín ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, omi inú ẹ̀jẹ̀ yóò pọ̀ sí i, ọkàn kò ní máa lù kìkì bí ti tẹ́lẹ̀ mọ́, òógùn yóò máa tètè bẹ̀rẹ̀, yóò máa pọ̀ sí i, iyọ̀ inú rẹ̀ yóò sì máa dín kù. Kò sí àṣẹ tí ó lè mú ìyípadà yìí yára ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọjọ́ mẹ́rin àkọ́kọ́ ní ibùdó ni ewu ti sábà máa ń pọ̀ jù, àwọn ọjọ́ náà gan-an sì ni àwọn olùkọ́ni fẹ́ràn láti fi ojú àwọn ọmọ rí màbo, kí wọ́n lè mọ̀ pé ibi tí wọ́n wá kì í ṣe ilé ìyá wọn. Mo mọ̀ ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é. Ẹ gbà wọ́n níyànjú pé kí wọ́n fi ìlànà, àkókò àti ìmọ́tótó le mọ́ wọn lọ́jọ́ wọ̀nyẹn, kí wọ́n fi eré sílẹ̀.

Bí èmi bá ni yóò ṣètò ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yín, màá kọ́kọ́ ní kí olúkúlùkù bẹ̀rẹ̀ láti ilé, ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ibùdó, kí ó máa fi ẹsẹ̀ rìn kánmọ́kánmọ́ tàbí kí ó máa sáré wẹ́wẹ́ fún wákàtí kan ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Bí wọ́n bá dé, ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ jẹ́ ti yíyan, ìrìn àti kíkọ́ bí a ṣe ń dúró, pẹ̀lú aṣọ fẹ́lẹ́ lọ́rùn, láìsí ẹrù. Láti ọjọ́ kẹrin, eré kìlómítà méjì tàbí mẹ́ta. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, márùn-ún, kí ẹrù kílò márùn-ún sì wọlé ní ọjọ́ ìrìn, kì í ṣe ní ọjọ́ eré. Ọjọ́ tí ẹ bá fi kún ọ̀nà, ẹ má fi kún ẹrù. Kìlómítà 10 di ọ̀sẹ̀ kẹta, àwọn tí ó bá sì lè sá a ni kí ó sá a. Ẹ pín wọn sí ọ̀wọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin gẹ́gẹ́ bí agbára wọn ti tó. Bí gbogbo wọn bá ń sáré pọ̀ lórí ìlà kan ṣoṣo, iṣẹ́ eré ìdárayá ni fún ẹni tí ó yára, ṣùgbọ́n ẹni tí ó sanra tàbí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú ń fi gbogbo agbára ara rẹ̀ lé wọn, òun sì ni yóò kọ́kọ́ ṣubú. Aṣọ ológun nípọn, bàtà gíga wúwo, méjèèjì sì ń há ooru mọ́ ara. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọlé díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí ibà bá mú, tí ó dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, ẹ dá a padà sí ìpele ìsàlẹ̀, kí ó tún gòkè wá.

Kí a tó dé ọ̀rọ̀ omi, ẹ jẹ́ kí n sọ bí àwọn ológun fúnra wọn ṣe kọ́ ẹ̀kọ́ yìí, nítorí ó lè ràn yín lọ́wọ́ láti bá ọ̀gá tí ó ti fẹ̀yìn tì náà sọ̀rọ̀. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ooru pa àwọn tí ń kọ́ṣẹ́ ogun ní ibùdó Amẹ́ríkà débi pé ní 1946 àwọn dókítà ológun tẹ ìwádìí kan jáde lórí òkú 125. Ogun kò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn tí wọ́n fi kú. Lẹ́yìn náà, nítorí àwọn tí ń ṣubú ní Parris Island, ibùdó àwọn ọmọ ogun Marine ní South Carolina, níbi tí ooru àti ọ̀rinrin ti pàdé, Yaglou àti Minard gbé òṣùwọ̀n kan jáde ní 1957 tí a ń pè ní WBGT. Tẹ̀mómítà tí a fi òwú tútù wé lẹ́nu ni ó kó ìdá 7 nínú 10 òṣùwọ̀n náà, èyí tí ó wà nínú bọ́ọ̀lù dúdú tí oòrùn ń pa kó ìdá 2, tẹ̀mómítà lásán sì kó ìdá 1 péré. Ẹ rí i pé ọ̀rinrin ni wọ́n fún ní ìpín ńlá. Nípa òṣùwọ̀n yìí ni wọ́n fi ń ta àsíá aláwọ̀ sí ojúde ibùdó, kí gbogbo ènìyàn lè mọ ohun tí wọ́n lè ṣe àti ohun tí wọn kò lè ṣe ní wákàtí náà.

Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí ń ka WBGT, ó ń bá ọwọ́ lọ; kí ẹgbẹ́ yín dá owó jọ rà á ṣáájú kí ẹ tó ra fèrè àti aṣọ ìdánimọ̀. Fún iṣẹ́ tí ó le, bí eré pẹ̀lú ẹrù, ìlànà ọmọ ogun Amẹ́ríkà fún ẹni tí ooru ti mọ́ lára ni pé, bí òṣùwọ̀n náà bá wà láàárín 27.8 sí 31, ìṣẹ́jú 30 iṣẹ́, ìṣẹ́jú 30 ìsinmi. Bí ó bá ti kọjá 31, ìṣẹ́jú 20 iṣẹ́, 40 ìsinmi. Bí ó bá sì ti dé 32.2, ìṣẹ́jú 10 péré ni iṣẹ́ nínú wákàtí kan. Ní tèmi, fún àwọn ọmọ tí kì í ṣe ológun síbẹ̀, bí ó bá ti kọjá 31, ẹ jókòó sábẹ́ igi kí ẹ kọ́ wọn ní àwòrán ilẹ̀, òfin ojú pópó àti ìtọ́jú ọgbẹ́. Bí ẹ kò bá ní ẹ̀rọ, ẹ fi iṣẹ́ líle mọ sí àárín aago mẹ́fà sí mẹ́jọ ààbọ̀ òwúrọ̀, àti lẹ́yìn aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Òwúrọ̀ ni ọ̀rinrin ti pọ̀ jù, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ooru fúnra rẹ̀ lọ sílẹ̀, oòrùn kò sì tíì mú. Ní Ṣábẹ, níbi tí mo ti bá ibùdó méjì ṣiṣẹ́, mo máa ń kìlọ̀ nípa ìrọ̀lẹ́ pàápàá, nítorí àwọn àpáta ńlá ibẹ̀ máa ń mú ooru ọ̀sán dání títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Ọ̀rọ̀ pé omi ń sọ ènìyàn di ọ̀lẹ, àwọn ológun ayé àtijọ́ gbà á gbọ́ káàkiri ayé, nítorí náà n kò bá ọ̀gá wa jà. Ṣùgbọ́n a ti dán an wò nínú aṣálẹ̀ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì kan náà, a sì rí i pé ara kì í kọ́ bí a ṣe ń ṣe iṣẹ́ láìmu omi. Ó kàn ń rẹ̀ ẹ́ ni, ìgbóná rẹ̀ sì ń yára gòkè. Kí omi wà nítòsí, kí wọ́n mu ún ní gbogbo ìsinmi, nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin lítà sí lítà kan ní wákàtí kan tí iṣẹ́ bá le. Àmọ́ omi náà ní ààlà, ibí yìí sì ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ni tí ó gbọ́ ìdajì ọ̀rọ̀ ti máa ń ṣìnà: kí ẹnikẹ́ni má mu ju lítà kan àti ààbọ̀ lọ ní wákàtí kan, tàbí ju bíi lítà 11 lọ lóòjọ́. Omi àmujù ń dín iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ kù, orí a máa fọ́ ẹni náà, a máa bì, ìka rẹ̀ a wú, ó sì lè gbòdì lára rẹ̀ débi ikú. Ẹ ra òṣùwọ̀n kan, kí wọ́n wọn ara wọn kí eré tó bẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ kílò 60 tí ó bá ti dín ju kílò kan àti díẹ̀ lọ kò mu tó. Èyí tí ó bá wúwo ju bí ó ti wà tẹ́lẹ̀ lọ ti mu jù.

Iyọ̀ inú oúnjẹ ti tó fún ọ̀pọ̀ jù lọ wọn, bí wọ́n bá ń jẹun kánú; ẹ má fún wọn ní hóró iyọ̀ gbé mì. Fún ẹni tí ó bá ń ya ìgbẹ́ gbuuru, tàbí tí òógùn rẹ̀ pọ̀ lápọ̀jù, ṣíbí ìpòtíì mẹ́fà ṣúgà àti ààbọ̀ ṣíbí iyọ̀, gbogbo rẹ̀ ní gbígérí, nínú lítà omi mímọ́ kan. Ní ti iye omi, ẹ fi lítà mẹ́jọ lóòjọ́ ṣírò fún mímu ẹnì kọ̀ọ̀kan, èyí já sí lítà 480 fún àwọn 60, láìtíì ka ìwẹ̀, ìdáná àti omi ìtutù tí mo fẹ́ sọ. Bí ẹ kò bá tíì mọ ibi tí dúrọ́ọ̀mù wọ̀nyẹn yóò ti máa kún lójoojúmọ́, ẹ má tíì mú ọjọ́ ibùdó.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ìjìyà, nítorí inú rẹ̀ ni mo ti rí ohun tí ó dùn mí jù. Ní ibùdó kan tí n kò ní dárúkọ, wọ́n ní kí ọ̀wọ́ kan máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́ yí pápá ká ní aago mọ́kànlá òwúrọ̀ nítorí pé ẹnì kan pẹ́ dé. Ọmọ tí ó lágbára jù nínú wọn, tí ó ń ṣe ipò kìíní nínú gbogbo eré, kọ̀ láti dúró nígbà tí àwọn yòókù ń sinmi. Mo rí i tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tàsé, tí ó ń bú ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ó fẹ́ dì í mú, ohun tí kì í ṣe ìwà rẹ̀ rárá. Mo bi í pé níbo ni a wà, ó ní ọjà ni. Ó ń gbìyànjú láti de bọ́tìnì lára aṣọ tí kò ní bọ́tìnì. Tẹ̀mómítà abẹ́ abíyá kà 38.2, wọ́n sì ń sọ pé ibà ni. Nígbà tí a wọn ti inú láti ojú ihò ìdí, ó jẹ́ 41.3. Ọmọ náà yè, nítorí pé omi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí níbẹ̀ ni pé kì í ṣe ọ̀lẹ ni ooru máa ń mú. Ọ̀lẹ ti dúró tipẹ́. Ẹni tí ó ń tijú láti dúró, tí ó fẹ́ kí ọ̀gá yìn ín, òun ni ó máa ń bá a dé ojú ikú, àṣà ológun sì ń kọ́ àwọn ọmọ pé kí wọ́n má sọ pé ó ti rẹ̀ wọ́n. Nítorí èyí, kí a má fi eré, ìfò tàbí kíkúnlẹ̀ sínú oòrùn jẹ ẹnikẹ́ni níyà. Fífọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti àìjáde lọ́jọ́ ìsinmi ti tó ìyà. Ẹ so wọ́n pọ̀ ní méjì-méjì, kí olúkúlùkù máa ṣọ́ ẹnì kejì rẹ̀. Lékè gbogbo rẹ̀, ẹ yan ẹnì kan, nọ́ọ̀sì bí ó bá ṣe é ṣe, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kí ó máa wo ojú wọn lọ, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé, kí ọ̀gá ológun náà fọwọ́ sí i, pé bí ẹni yìí bá gbé ọwọ́ sókè, eré dúró lójú ẹsẹ̀, kò sí àríyànjiyàn.

Àwọn méjì tí ó dákú lọ́jọ́sí, bí ó bá jẹ́ pé ìdúró ṣánṣán fún ìgbà pípẹ́ ni wọ́n wà, tí wọ́n sì jí kíá nígbà tí a tẹ́ wọn sílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ni ó sọ̀ sí wọn lẹ́sẹ̀. Ẹ gbé ẹsẹ̀ irú wọn sókè nínú ibòji, kí ẹ sì kọ́ gbogbo wọn láti máa ká orúnkún díẹ̀ nígbà tí wọ́n bá dúró. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ṣubú lẹ́nu iṣẹ́, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò bára mu, tàbí tí ìwà rẹ̀ yí padà lójijì, ẹ kà á sí ìkọlù ooru títí ẹ ó fi rí ẹ̀rí mìíràn. Ẹ má wo bóyá ara rẹ̀ gbẹ tàbí ó tutù. Òógùn ṣì lè máa ṣàn lára ẹni tí ooru ń pa.

Ẹ tutù ú kí ẹ tó gbé e. Láti Kétu dé ilé ìwòsàn ńlá ní Pọ́bẹ̀, ọkọ̀ kò lè parí ọ̀nà náà kí ìṣẹ́jú díẹ̀ tí ọmọ náà ní tó tán, ìdajì wákàtí àkọ́kọ́ ni ó sì ń pinnu bóyá yóò yè. Kí aṣọ ọ̀rá ńlá tí a fi ń bo ọkọ̀ ẹrù wà nílẹ̀ lójoojúmọ́, pẹ̀lú dúrọ́ọ̀mù omi kan tí a kò gbọdọ̀ bu mu, àti omi dídì inú kúlà láti ọ̀dọ̀ àwọn tí ń ta omi tútù. Ẹ bọ́ aṣọ àti bàtà rẹ̀, ẹ tẹ́ ẹ sínú aṣọ ọ̀rá náà, kí ènìyàn mẹ́fà gbé etí rẹ̀ sókè, kí a da omi àti yìnyín sí i títí yóò fi bo àyà rẹ̀, kí ẹnì kan mú orí rẹ̀ dání lókè omi kí ó má baà fà á símú, kí ẹlòmíràn sì máa ro omi náà láìdáwọ́ dúró, nítorí omi tí ó bá dúró sójú kan yóò gbóná mọ́ ọn lára. Bí kò bá sí yìnyín, omi kànga lásán ṣì dára. Ẹ máa dà á sí i, ẹ máa fẹ́ ẹ. Bí nọ́ọ̀sì bá ń wọn ti inú, kí ó dáwọ́ dúró bí ó bá ti sọ̀ sí 38.9, bí kò bá sí ohun ìwọ̀n, ìṣẹ́jú 15 sí 20, tàbí títí ara rẹ̀ yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Nígbà náà ni ẹ óò gbé e lọ. Parasitamọ́ọ̀lù kò wúlò fún ooru yìí, abẹ́rẹ́ ibà kò wúlò fún un, ẹ má sì da nǹkan sí ẹnu ẹni tí kò mọ ibi tí ó wà. Ẹni tí èyí bá ṣẹlẹ̀ sí ti parí ibùdó, kò sì gbọdọ̀ sáré mọ́ títí dókítà yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò.

Lárààárọ̀, kí nọ́ọ̀sì bi olúkúlùkù: ta ni ara rẹ̀ gbóná lóru, ta ni ó ya ìgbẹ́ gbuuru, ta ni kò sùn, ta ni ó mu ọtí, ta ni ó lo oògùn ọ̀fìnkìn tàbí oògùn tí kì í jẹ́ kí ènìyàn sùn? Gbogbo wọn ni yóò jókòó lọ́jọ́ náà, láìsí ẹ̀gàn. Kí wọ́n sùn sínú àwọ̀n ẹ̀fọn, ní ibi tí afẹ́fẹ́ ti lè kọjá, nítorí ara tí kò tutù lóru ti gbóná dà sínú òwúrọ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ AS. Ẹni tí ó bá jẹ́ SS kò ní iṣẹ́ ní ibùdó yìí rárá. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ wa, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin tàbí márùn-ún ni ó jẹ́ AS. Bí ẹ bá dá wọn padà, ẹ óò dá bíi 12 sí 15 padà nínú àwọn 60 yín, wọn kò sì ṣàìsàn. Òótọ́ ni pé ìwádìí kan tí a gbé jáde ní 1987 lórí àwọn tí ń kọ́ṣẹ́ ogun ní Amẹ́ríkà rí i pé ikú òjijì lẹ́nu iṣẹ́ fi nǹkan bí ìlọ́po 28 pọ̀ láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú tí ó jẹ́ AS ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí a tún wo àwọn ọmọ ogun aláwọ̀ dúdú tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 48,000, tí a sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2016, ìyàtọ̀ ikú náà kò hàn mọ́, nítorí pé ìlànà ààbò lórí ooru ti di ti gbogbo ènìyàn. Ìbàjẹ́ iṣan nìkan ni ó ṣì pọ̀ díẹ̀ lára wọn. Àmì rẹ̀ ni pé ẹsẹ̀ ọmọ náà yóò kọ̀ láti gbé e, nígbà mìíràn láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ tí eré àsápajúdé bẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe kedere. Kí ó jókòó lójú ẹsẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má pariwo mọ́ ọn. Bí ìtọ̀ rẹ̀ bá sì dúdú bí omi ewé ọkà bàbà, ilé ìwòsàn ló kàn. Eré àsápajúdé kò gbọdọ̀ wọlé ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ náà ni kò sì mọ irú ẹ̀jẹ̀ tí ó wà lára wọn, nítorí náà, ètò tí ẹ bá ṣe fún ẹni tí ó jẹ́ AS ni kí ẹ ṣe fún gbogbo àwọn 60.